Oko Ọlọ́run

Nílẹ̀ Yorùbá, òkú kì í jìnnà sí alààyè. Ẹni tó bá wọ agboolé àtijọ́ ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Èkìtì kò ní pẹ́ kó tó fojú kan sàréè. Òmíràn wà lójúde, wọ́n fi táìsì bò ó, wọ́n kọ orúkọ àti ọdún sí i lára, àwọn ọmọdé sì ń jókòó lé e lórí jẹ ẹ̀pà. Láyé àwọn baba wa, inú yàrá gan-an ni wọ́n ń sin àgbà sí. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, tí wọ́n ya ilẹ̀ ìsìnkú sọ́tọ̀ nítorí ìlera, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò gbà, àwọn mìíràn ò sì tíì gbà títí dòní. Baba ẹni kì í ṣe àlejò tí a ó lọ fi sílẹ̀ sínú igbó. Òun ló kọ́lé, inú ilé náà ni yóò sùn sí, ibẹ̀ sì ni ọmọ yóò ti kúnlẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ayé bá le.

Ẹni tó kú sí ìdálẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn wá jù. Ẹbí á dáwó jọ láti gbé òkú wálé láti London tàbí Houston. Láyé àtijọ́, bí ọ̀nà bá jìn tí òkú kò ṣeé gbé, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú bọ̀, wọn á sì sin ìyẹn sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni ń sin odindi èèyàn. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí òkú òun sọnù, nítorí ìdílé ni òkú ń padà sí. Bàbá àgbà á kú, ìyàwó ọmọ rẹ̀ á bí ọkùnrin, wọn á sì sọ ọmọ náà ní Babátúndé. Ìyá àgbà á lọ, Yétúndé á dé. Wọn á wo àmì ara ọmọ, wọn á wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "Ẹ ò rí i bí? Ìyá náà ló dé yìí."

Ìtùnú ńlá wà nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní bá òbí tó sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwa kan náà la máa ń dìde dúró láti jẹ́wọ́ pé a gba àjíǹde ara gbọ́, àti ìyè tí kò lópin. Ohun tí à ń jẹ́wọ́ níbẹ̀ yàtọ̀ sí àtúnwá pátápátá. Ó tún yàtọ̀ sí ohun tí a máa ń gbọ́ nídìí ọ̀pọ̀ sàréè, níbi tí wọ́n ti ń ṣàpèjúwe ọ̀run bíi yàrá kan lẹ́yìn agboolé, tí bàbá kàn lọ jókòó sí, tó ń wò wá láti ibẹ̀.

Ẹni tó tún wá, ara tuntun ló gbé wọ̀. Bàbá àgbà ti di ọmọ ọwọ́, ọmọ ọwọ́ náà ní ìyá tirẹ̀ àti ọjọ́ iwájú tirẹ̀, bó sì pẹ́ bó yá, òun náà á kú. Ẹni tó jíǹde, òun fúnra rẹ̀ ló jí, pẹ̀lú ara tirẹ̀ àti orúkọ tirẹ̀, kò sì ní kú mọ́. Bí àwọn tó kọ ìwé Ìhìnrere ṣe ròyìn Jésù nìyẹn. Lúùkù sọ pé ó jẹ ẹja lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé iwin ni wọ́n ń wò. Jòhánù sọ pé ojú ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ọ̀kọ̀ ṣì wà níhà rẹ̀, ó sì ní kí Tọ́másì wá fọwọ́ kàn án. Mo máa ń dúró pẹ́ lórí ojú ọgbẹ́ yẹn. Ẹni tó jí i dìde lágbára láti pa ojú ọgbẹ́ náà rẹ́, kò sì pa á rẹ́. Ìyà tí ara náà jẹ wà lára ìtàn ẹni tó ni ara, àjíǹde kò sì da ìtàn ẹnikẹ́ni nù.

Ẹnu ya àwọn èèyàn sí ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ikú Jésù, àwọn kan nínú ìjọ ti ń sọ pé òkú kò lè jí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Gíríìkì tó yí wọn ká gbà pé ọkàn lè gòkè lọ, ṣùgbọ́n kí ni èèyàn tún fẹ́ fi ara ṣe? Pọ́ọ̀lù kò gbà fún wọn rárá. Ó ní bí òkú kò bá ní jí, a jẹ́ pé Kristi pàápàá kò jí, asán sì ni gbogbo ìgbàgbọ́ àwọn. Ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sóko: irúgbìn gbọ́dọ̀ kú kó tó hù, ohun tó hù kì í sì í rí bí èyí tí wọ́n gbìn, síbẹ̀ òun náà ni.

Àwọn ọ̀tá ìjọ pàápàá mọ ibi tí agbára ìgbàgbọ́ yìí wà. Ní ọdún 177, ní Lyon, nílẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí, wọ́n pa àwọn Kristẹni kan. Eusebius tó kọ ìtàn ìjọ pa lẹ́tà tí àwọn tó ṣẹ́kù níbẹ̀ kọ mọ́ fún wa. Lẹ́tà náà sọ pé wọ́n fi òkú àwọn ajẹ́rìíkú náà sí gbangba fún ọjọ́ mẹ́fà láìsin wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n sun wọ́n, wọ́n sì gbá eérú wọn sínú odò Rhône, kí ìrètí àjíǹde lè tán nínú àwọn tó kù. Wọ́n rò pé bí kò bá ti sí sàréè, Ọlọ́run náà kò ní mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn náà kí eérú mìíràn tó tún bọ́ sódò. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 1415, ní ìlú Constance, ìgbìmọ̀ àwọn aṣáájú ìjọ dá àlùfáà ará Bohemia kan, Jan Hus, lẹ́bi ẹ̀kọ́ òdì, wọ́n sì sun ún láàyè. Wọ́n kó eérú rẹ̀ dà sínú odò Rhine, kí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ má baà rí nǹkan kan mú lọ sílé. Kò sí irun, kò sí èékánná. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nípàdé ẹbí rí, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá ilé bàbá ni ká ti sin òkú ni tàbí ilé ìyá, kí ẹ lè mọ bí ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn èèyàn yẹn ti burú tó. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ kò ní ojú oórì kankan láyé yìí.

Láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn Hus ni ẹgbẹ́ kékeré kan ti jáde ní 1457, tí wọ́n pe ara wọn ní ará nínú Kristi. Ogun àti inúnibíni fọ́n wọn ká ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Nígbà tó di 1722, díẹ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́kù sá kúrò ní Moravia, wọ́n dé orí ilẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́lá kan ní Saxony, ní ìlà-oòrùn Jámánì. Nikolaus Ludwig von Zinzendorf ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún náà, káfíńtà kan tó ń jẹ́ Christian David gé igi àkọ́kọ́ lulẹ̀ níbi tí wọ́n fẹ́ tẹ̀dó sí. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó náà ni Herrnhut, ibẹ̀ sì ni ìjọ tí gbogbo ayé ń pè ní Moravian ti gbilẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ibẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ ni wọ́n pín ara wọn sí: ẹgbẹ́ àwọn ọkọ àti aya, ẹgbẹ́ àwọn opó, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì gbéyàwó, ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin, ti àwọn ọmọdé. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ilé tiwọn tí wọ́n ń gbé pọ̀, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti ń kọrin. Àwa náà mọ ẹgbẹ́. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kan tí kò ní ẹgbẹ́ ìyá, ẹgbẹ́ bàbá, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, oníkálukú pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ àti àsíá rẹ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ẹgbẹ́ á kó ara wọn jọ, wọ́n á wọ aṣọ, wọ́n á gbé àsíá, wọ́n á tẹ̀ lé pósí dé ẹnu sàréè. Ẹnu sàréè náà ni ẹgbẹ́ ti ń dúró. Láti ibẹ̀ lọ, ẹbí ló ni òkú.

Àwọn ará Herrnhut kò dúró lẹ́nu sàréè. Ní 1730 wọ́n ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ lórí òkè Hutberg, nítòsí ìlú, wọ́n sì ń pè é ní oko Ọlọ́run, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ irúgbìn tí Pọ́ọ̀lù sọ. Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń sin òkú níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ ti àwọn arákùnrin, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ti àwọn arábìnrin. Ẹni tó kú lóṣù yìí ni wọ́n ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó kú lóṣù tó kọjá, ìbáà jẹ́ pé wọ́n tan tàbí wọn kò tan. Òkúta kéékèèké tó dọ́gba ni wọ́n tẹ́ lé wọn lórí. Òkúta olówó kò ga ju ti alágbàṣe lọ. Àwọn sàréè gàgàrà tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti Zinzendorf tó kú ní 1760 àti àwọn ará ilé rẹ̀, ní ojú ọ̀nà àárín gbùngbùn. Ó dùn mí pé wọn kò lè tẹ́ tiwọn náà sílẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Lára ẹnu ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wọlé, wọ́n kọ ọ́ síta pé Kristi ti jíǹde. Ní inú, níbi tí ẹni tó ń jáde lọ yóò ti kà á, wọ́n kọ ọ́ pé òun ni àkọ́so àwọn tó sùn.

Ọkọ àti aya kò sùn pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti bá ọkọ rẹ̀ gbé fún àádọ́ta ọdún ń lọ sùn láàárín àwọn obìnrin tí kò bá gbé rí. Mo mọ̀ pé ibi tó máa le jù fún wa nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìbéèrè tí àwọn Sadusí fi dẹ Jésù wò, àwọn tó sọ pé àjíǹde kò sí. Wọ́n ní ọkùnrin kan kú láìbímọ, àbúrò rẹ̀ ṣú ìyàwó rẹ̀ lópó, òun náà kú, títí tó fi kan ẹnì keje. Nígbà àjíǹde, ìyàwó ta ni yóò jẹ́? Òyìnbó tó bá ka ìtàn yẹn lónìí yóò ní kí wọ́n ṣàlàyé fún òun. Yorùbá kò nílò àlàyé, nítorí a ti ṣú opó, a sì ti rí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń dá ìjà sílẹ̀. Jésù dá wọn lóhùn pé nígbà àjíǹde, wọn kì í gbéyàwó, a kì í sì í fi wọ́n fọ́kọ. Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, ó sì wúwo. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó jí kò jí gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ìdílé kan. Opó tí ẹni méje ti fẹ́ yóò jí gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀. Èmi kò gbà pé ìfẹ́ ọkọ òun aya máa pòórá níbẹ̀, mi ò sì rò pé ohun tí Jésù ń sọ nìyẹn. Ohun tí mo gbà ni pé ìfẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ni ẹnikẹ́ni.

Ní Àjíǹde ọdún 1732, kí oòrùn tó yọ, àwọn ọ̀dọ́kùnrin Herrnhut gun òkè Hutberg lọ sáàárín àwọn sàréè, wọ́n sì ń kọrin níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn kò dáwọ́ dúró. Gbogbo ibi tí ìjọ náà tàn dé ni wọ́n gbé e lọ. Ní Salem, North Carolina, wọ́n ti ń ṣe é láti 1772. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ìdílé á lọ fọ òkúta sàréè, wọn á fi òdòdó sí i. Lóru, àwọn onífèrè idẹ á pín ara wọn sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, wọn á máa yí ìlú ká, wọn á máa fi orin jí àwọn èèyàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ìjọ á pé síwájú ilé ìsìn, wọ́n á gbọ́ ìkéde pé Olúwa ti jíǹde, wọ́n á wá dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n á tò lọ sí oko Ọlọ́run, fèrè kan á máa dá fèrè kejì lóhùn láti apá ìhín àti apá ọ̀hún. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rántí àwọn tó lọ láti Àjíǹde èṣín.

Àwa náà ń jí ní kùtùkùtù ọjọ́ Àjíǹde. Ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń jáde lọ sójú títì kí àkùkọ tó kọ, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa lùlù. Lọ́jọ́ kejì a máa ń lọ sí Gálílì, tòun ti ìrẹsì àti adìyẹ. Inú mi máa ń dùn sí méjèèjì. Àmọ́ èmi ò tíì rí ìjọ wa kankan tó gbé orin àfẹ̀mọ́jú yẹn lọ sí itẹ́ òkú. Ẹ̀rù ibẹ̀ ń bà wá. Ìdí mìíràn ni pé àwọn òkú wa kò sí níbì kan náà, ilé oníkálukú ni wọ́n wà. Kò sí ibi tí ìjọ lè dúró sí kó ní, "Ẹ̀yin tí a jọ ń jọ́sìn, a dé o."

Àwọn ará Moravian tún ní ìlànà mìíràn tó wù mí. Ní Bethlehem, Pennsylvania, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1741, ẹgbẹ́ onífèrè trombone ti wà láti 1754. Láyé ìgbà náà, bí ẹnì kan bá kú, wọ́n á gun òkè ilé, wọ́n á fun orin mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé ẹnì kan ti lọ. Ti ìkejì ń sọ ẹgbẹ́ tí onítọ̀hún wà: bí ó bá jẹ́ opó, ìlú á mọ̀, bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ìlú á mọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á padà sí ohùn orin àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ olóògbé, wọ́n ti mọ ibi tó ń lọ dùbúlẹ̀ sí nínú oko náà.

Mo ti sọ pé àjíǹde kò da ìtàn ẹnikẹ́ni nù. Ayàwòrán ìjọ náà, Johann Valentin Haidt, ya èyí ní 1747, nínú àwòrán ńlá kan tó kún fún àwọn tó kọ́kọ́ gbà gbọ́ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, tí wọ́n sì ti kú. Wọ́n yí Jésù ká pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ rẹ̀, wọ́n mú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́. Ará Greenland wà níbẹ̀, ará Amẹ́ríkà ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí erékùṣù St. Thomas wà níbẹ̀. Àwọ̀ oníkálukú ṣì wà lára rẹ̀, aṣọ ìlú rẹ̀ ló wọ̀, ojú rẹ̀ ni ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tó di ẹlòmíràn. Àwọn tí wọ́n ń fi irin gbígbóná sàmì sí lára bí ẹran lóko ìrèké ló dúró níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọ́so ayé tó ń bọ̀.

Bí mo bá dá ìtàn náà dúró níbí, mi ò ní tíì sọ òtítọ́ tán. Ní Salem, àwọn ará Moravian ní ẹrú. Ìjọ fúnra rẹ̀ ní ẹrú. Síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn dúdú tó jẹ́ ọmọ ìjọ ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ àwọn funfun nínú oko Ọlọ́run, lórí ìlà kan náà. Peter Oliver, amọ̀kòkò tó ti jẹ́ ẹrú rí tó sì gba òmìnira rẹ̀ ní 1800, kú ní 1810, ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1816, wọ́n ya ilẹ̀ mìíràn sọ́tọ̀ fún òkú àwọn dúdú. Ní 1822 wọ́n dá ìjọ mìíràn sílẹ̀ fún wọn, èyí tó di St. Philips. Nínú ilé ìjọ oníbíríkì tí wọ́n kọ́ fún un ní 1861 ni wọ́n ti ka ìkéde òmìnira sí àwọn ẹrú létí ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1865. Ní 1913, wọ́n kó àwọn òkúta orí sàréè àwọn dúdú náà kúrò lójú ilẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ló padà rí wọn lábẹ́ ilé ìjọ ní àwọn ọdún 1990. Ní 2006, ìjọ Moravian ní gúúsù Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì ní gbangba nítorí ipa tí wọ́n kó nínú òwò àti ìlò ẹrú.

Ọdọọdún, láti 1816 lọ, wọ́n ń jí lóru Àjíǹde, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń rìn lọ sáàárín sàréè láti kéde pé gbogbo òkú yóò jí. Wọ́n ń kéde rẹ̀ nínú oko tí wọ́n ti lé àwọn ará wọn kúrò nínú rẹ̀. Ìbínú ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń mú wá fún mi, mi ò sì fẹ́ kí ìbínú náà tètè lọ. Nínú ilé ìsìn, èèyàn lè dọ́gbọ́n sí ìjókòó. Nínú iṣẹ́, ó lè dọ́gbọ́n sí owó oṣù. Bí ó bá dé orí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò sùn tì í títí Olúwa yóò fi dé, ìgbà yẹn ni ohun tó gbà gbọ́ ní tòótọ́ máa ń yọ.

Ó kù ẹni kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Nígbà ìsìnkú tiwa, ìwé pélébé máa ń wà tí wọ́n tẹ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé sí, àwọn ọmọ ló ń kọ ọ́, ibi tó dára nìkan ló sì máa ń wà níbẹ̀. Nínú ìjọ Moravian, ẹni náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó sọ ọ́ fún ẹni tó lè kọ ọ́, nígbà tó ṣì wà láàyè. Àwọn tó kù á wá fi bó ṣe kú kún un, wọ́n á sì kà á lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ní Herrnhut àti ní Bethlehem. Ọ̀kan lára èyí tó wà ní Bethlehem jẹ́ ti ọkùnrin kan tó sọ pé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti bí òun, Ofodobendo Wooma sì ni orúkọ òun. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un, ó fi í ṣe ìwọ̀fà lórí ewúrẹ́ méjì. Wọn kò rà á padà. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé etí òkun, tí ọkọ̀ òyìnbó fi gbé e lọ.

Ní New York, oníṣòwò kan fi í ta Spangenberg, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Moravian, lọ́rẹ, bí ẹni ń fi ẹṣin tọrẹ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé Bethlehem, níbi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní 1746, tí wọ́n sọ ọ́ ní Andrew. Ní 1762 ó gbé Magdalene níyàwó, obìnrin tó sọ nínú ìtàn tirẹ̀ pé Pópó Kékeré ni wọ́n ti bí òun, ìyẹn Aného tó wà létí òkun Tógò lónìí. Andrew kú ní 1779. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú oko Ọlọ́run Bethlehem, níbi tí àwọn ará Jámánì àti àwọn Mohican ti ń sùn lábẹ́ òkúta kéékèèké kan náà. Magdalene wà láyé fún ohun tó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tó kú ní 1820, àwọn arábìnrin ìjọ ló di èèyàn rẹ̀.

Ìdílé kọ́ ló sin wọ́n, ìdílé kan kò sì ní fi orúkọ wọn sọ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìdílé nìkan ló lè mú ẹni tó kú padà wá, a jẹ́ pé ikú àti ẹ̀gbọ́n Andrew ti jọ ṣẹ́gun rẹ̀ pátápátá. Mo gbà gbọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àjíǹde, bí wọ́n bá pe Andrew, bí wọ́n bá pe Ofodobendo, méjèèjì ni yóò jẹ́, ẹ̀gbọ́n tó fi í dúró lórí ewúrẹ́ méjì yóò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó bá ń dáhùn.